Táǹkì Tí Wọ́n Fọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún kẹfà rèé tí Ràdíátù ti ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Gwarinpa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Sànúsí ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Abuja, Abuja náà ni Sànúsí kú sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó fi òun àti Ruqoyyah ọmọ wọn sílẹ̀ nínú yàrá méjì ní Dutse Alhaji. Nígbà tí olórí àwọn agbálẹ̀ fẹ̀yìn tì, Ràdíátù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, inú gbogbo ènìyàn sì dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà nínú oyè náà. Olórí agbálẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ ibi tí nǹkan dé. Ràdíátù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń nájà, tí a fi ń wọ mọ́tò. Èyí tí a ń kọ sílẹ̀ ni kò dá a lójú.

Lọ́jọ́rú kan, òun àti Lateefah igbákejì rẹ̀ da omi inú táǹkì ńlá ilé ìwòsàn náà nù, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú rẹ̀, wọ́n sì dúró títí ẹ̀rọ fi fa omi kún un. Kí ó tó lọ sílé, ó kọ ọ́ sínú ìwé: "I wash the tank."

Gafar, agbálẹ̀ bíi tiwọn, ló gba iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ka ìwé, ó rò pé iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ de òun ni. Ó da gbogbo omi náà nù, ó sì ha táǹkì tó ti mọ́ tónítóní. Ìgbà tó ní kí òun fa omi padà, iná ti lọ. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, garawa ni wọ́n fi ń tọrọ omi kiri àdúgbò.

Ọmọ́níkẹ́, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, pe Ràdíátù sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìyá Ruqoyyah, ṣé ẹ fọ táǹkì yẹn lánàá?"

"Mo fọ̀ ọ́, mà. Mo sì kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ohun tí ẹ kọ kò sọ pé ẹ ti fọ̀ ọ́."

Ràdíátù tẹjú mọ́ ìwé náà. "Mo" wà níbẹ̀, "fọ̀" wà níbẹ̀, táǹkì náà wà níbẹ̀. Kí ló tún kù? Ojú tì í gidigidi.

"Ẹ fi ẹlòmíì ṣe olórí, mà."

"Ẹ lọ rò ó dáadáa. Ká tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Láàárọ̀ Sátidé, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ruqoyyah. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Abuja, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn, Ùmì ló sì ń pe ìyá rẹ̀.

"Kai, Ùmì! It's just -ed." Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀: wash, washed, have washed, will wash. Ìyá rẹ̀ pe èkejì ní "wọ́ṣẹ́ẹ̀dì", ọmọ rẹ́rìn-ín, ó fi hàn án bí a ṣe ń gé e kúrú lẹ́nu.

"Kí ló dé tí wọn ò lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà?" ni Ràdíátù wí. "Tiwa, fọ̀ ni fọ̀. Mo fọ̀, mo ti fọ̀, mò ń fọ̀, màá fọ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń yí padà."

Ruqoyyah tún gbé bírò. "Ùmì, say it again." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kọ "If I washed".

"Ìyẹn ti lọ nù un, ó ti kọjá," ni ìyá rẹ̀ wí.

"No, Ùmì." Ó ṣàlàyé fún un pé tí "if" bá wà níwájú, -ed lè jẹ́ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

"Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀?" Ràdíátù wo ojú fèrèsé. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́: "Fi bàbá rẹ ṣe àpẹẹrẹ kí n gbọ́."

Ọmọ náà wolẹ̀. "If Daddy lived with us now, he would laugh at your spelling."

Ẹ̀rín pa Ràdíátù, omi sì lé sí i lójú. "Òótọ́ ni. Ní tiwa, a ó ní: ká ní bàbá rẹ wà láàyè, ì bá máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ká ní bàbá mi wà láàyè," ni Ruqoyyah wí, díẹ̀díẹ̀, ó ṣi ohùn ọ̀rọ̀ pè níbì kan, "ì bá máa fi yín rẹ́rìn-ín."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Sànúsí, ọmọ náà kò tíì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. Oòrùn ti ga kí wọ́n tó dìde lórí ẹní.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ràdíátù kọ ọ́ sínú ìwé pé: "We washed the windows. We have locked the store. We sweeped the ward. Lateefah will mop it tomorrow." Ọmọ́níkẹ́ kà á, ó tún un kà.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ọmọ mi ni, mà."

"Ṣé kí n ṣì wá ẹlòmíì?"

"Rárá o, mà."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fa ìlà sábẹ́ "sweeped", ó kọ "swept" sókè rẹ̀. "Ẹyọ kan yìí ni. Òun kì í gba -ed."

"Kí ló dé?"

"Alágídí ni. Wọ́n sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì."

Ràdíátù gba ìwé rẹ̀, ó fi í há abẹ́ apá. "Ẹ jẹ́ n kọ́ àwọn onígbọràn tán ná, mà," ó wí, ó sì lọ pe Lateefah kí wọ́n jọ lọ wọ mọ́tò.