Ẹgbẹ̀fà Ó Lé Mẹ́tàdínlógún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi gé irin nílé iṣẹ́ kan tí wọn kò ti bìkítà fún orúkọ rẹ̀. 1495693 ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ àfi páànù kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí. Èmi ìbá ti sọ ọ́ sí ààtàn.

Lọ́jọ́ kan, ó ní nọ́ńbà òun jọ agídí. Bó ṣe ń pe nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù nìyẹn, àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù ló ń pè ní ẹlẹ́bí.

"Wọ́n ti rí mi fín," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí eléyìí bá jẹ́ agídí, á jẹ́ pé ohun kan wà lára mi tí wọn ò lè gé."

"Ẹ jẹ́ ká fi fóònù wò ó, Bàbá."

"Ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ tó já oúnjẹ gbà lẹ́nu mi? Jókòó jàre, máa pe àwọn agídí kéékèèké fún mi."

Mo ń kà wọ́n nínú ìwé ìṣirò àtijọ́ kan, òun ń fi wọ́n pín nọ́ńbà rẹ̀, ojú ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kàndínnígba ni gbogbo àwọn tó yẹ ká gbìyànjú; bí ìkankan wọn ò bá pín in láìṣẹ́kù, agídí ni. Oṣù méjì gbáko.

"Ẹ ò rí iṣẹ́ ṣe," ìyá mi ní, "ẹ wá ń fìyà jẹ nọ́ńbà."

Mo pe èyí tó kẹ́yìn, ó pín in, ó ṣẹ́kù. Bàbá mi bú sẹ́kún. Kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Ó ní lọ́la, òun á lọ fi han àwọn tí àwọn jọ gé irin.

Ibi tí mo ti ń palẹ̀ ìwé mọ́ ni mo ti rí i. 1223 ló kọ sójú ìwé tó kẹ́yìn, ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́tàlélógún. Èmi, 1217 ni mo pè, ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́tàdínlógún. "Dín" ni mo wí, "lé" ló gbọ́. Mo fi 1217 pín nọ́ńbà rẹ̀ fúnra mi. Ó wọ̀ ọ́ lọ́nà 1229, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan.

Mo ṣépè fún ilé iṣẹ́ yẹn. Ariwo irin wọn ló jẹ etí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárúkọ etí nílé wa ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàngbọ̀n. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹnìkan á fi fóònù wò ó lọ́la, wọn á fi í ṣẹlẹ́yà.

Mo gbé ìwé lọ bá a. Ó pín in, ó tún un pín. Ó wo òdo tó kẹ́yìn títí.

"Ta ló ṣì í?"

Nọ́ńbà ti lọ. Kí n tún wá sọ fún un pé etí náà ti lọ? Mo sún mọ́ ọn, mo pariwo kó lè gbọ́: "Èmi ni, Bàbá! Mo ṣì í pè! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ó ju bírò sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Láti kékeré ni ìwọ kì í ti í fetí sílẹ̀."