Ìdáhùn Tó Ń Pẹ́ Dé

Mi ò lè jókòó. Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà ni mo ti ń rìn yípo ẹ̀rọ tó ń la kajú ní Manigri, tí mò ń fọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ewúrẹ́ olóríkunkun. Inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Sẹ́fù Kabirou, ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú ní Bassila, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹ̀rọ náà kò bá ṣiṣẹ́ lójú òun, òun á gbé e lọ fún àwọn ará Alédjo.

Ká ní ìtìjú nìkan ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Èmi Moutiatou ni mo kọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà ní àtẹlíyè wa ní Bassila, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ, ọmọ Manigri sì ni mí. Ṣùgbọ́n Bintou àbúrò mi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Epo inú èèpo kajú burú, ó máa ń jó ọwọ́ bí iná. Ìyá wa ti fọwọ́ la kajú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi dúdú, tó ń dán, tí kò ní ilà kankan mọ́. Nígbà tó lọ ṣe káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ìka kò rí nǹkan kà. Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ wa dé, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Moutiatou, tèmi ti tán. Má jẹ́ kí ọmọ yìí jókòó síbi tí mo jókòó sí."

Ẹ̀rọ náà ní ojú kan tó ń ya àwòrán hóró kajú kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà níkùn rẹ̀ á fi àwòrán náà ránṣẹ́ nínú okùn Ẹ́tánẹ́ẹ̀tì tó so wọ́n pọ̀ sí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nínú yàrá, tinú yàrá á sì dá a lóhùn pé ibí báyìí ni kí ọ̀bẹ gbà. Ìdáhùn yẹn kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Bó ti wù kó tọ̀nà tó, bó bá fi pẹ́nrẹ́n pẹ́, hóró ti kọjá, ọ̀bẹ á sì fọ́ ọmọ inú rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ní Bassila, ọ̀rọ̀ ń sáré nínú okùn náà bí ẹni tí ajá ń lé. Ní Manigri, ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ okùn. Mo ti pààrọ̀ àpótí tó so àwọn okùn pọ̀. Mo fi okùn kan náà so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀, ó sáré; mo dá a padà sídìí ẹ̀rọ, ó tún ń wọ́. Mo bú eruku, mo bú oòrùn, mo bú kúráǹ iná. Fataou, tí a jọ wá láti àtẹlíyè, ní kí n jókòó jẹun. Mo ní kó jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀. Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́, ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Kajú tí àwọn oníbàárà ń retí kò sì dúró dè mí. Àwọn obìnrin ti jókòó ti òkìtì rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fi òkúta là á, àwọn mìíràn ń gbé agbọ̀n lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀. Wọn ò tó. Nígbà tó yá, mo rí i tí Bintou fa àpótí kan, tó jókòó sáàárín wọn. Ìyá wa tó wà láàárín wọn gbójú sókè. Ó kàn wò mí.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, gbogbo wọn lọ. Èmi ò lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo tan ẹ̀rọ, mo da kajú sí i, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré! Ọmọ kajú ń jáde ní odindi, ó funfun nini. Mo pariwo, kò sí ẹni tó gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ti mọ́sálásí dé, mo ní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n rọ́ wọlé, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ọ̀bẹ sì ń fọ́ kajú.

"Moutiatou," ni Tátà Assana, àgbà nínú àwọn obìnrin náà, wí, "àfàìmọ̀ kí ẹ̀rọ rẹ máa tijú wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mo kígbe pé, "Ẹ dúró! Kí ẹnikẹ́ni má mira!" Wọ́n dúró. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà: ìyára ń gòkè. "Tátà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá níwájú rẹ̀."

Tátà Assana kọjá. Ẹ̀rọ náà sì fi ohùn mi sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn. Ṣé ara le?" Ìyára já wálẹ̀ gbì.

Tátà fúnra rẹ̀ ló fà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a gbé e wá, ó ní ẹ̀rọ wa dúró gbagidi bí ọmọ tí a kò tọ́, àwọn ènìyàn ń kọjá, kò kí wọn. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, á pàdánù ẹ kú ilé. Ni mo bá gbé e padà sí Bassila, mo gba ohùn mi sílẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè máa kí ẹni tó bá kọjá. Nínú irú ètò yìí, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ipò, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ló ń kọ́kọ́ ṣe, àwọn yòókù á dúró. Ta ni wọ́n tọ́ ní Manigri tó máa fi ìkíni sẹ́yìn ọ̀rọ̀? Mo fún ìkíni ní ipò àkọ́kọ́. Mo tún ní kí ohunkóhun má ṣe dá a dúró títí á fi parí, torí a kì í gé ìkíni sí méjì. Bó bá ti ń kí ènìyàn, kò sí ẹni tó ń gba ohun tó ń ti inú okùn bọ̀. Ibi tí ìdáhùn ń kó jọ sí á kún, ìyókù á dànù, tinú yàrá á tún un rán. Ní Bassila, èmi àti Fataou nìkan ni, a sì jókòó sójú kan, kò sí ẹni tó ń kọjá tó máa kí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo fi iṣẹ́ okùn síwájú, mo lé ìkíni sẹ́yìn gbogbo wọn.

"O gba ìkíni lẹ́nu ẹ̀?" Tátà ò fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Tátà. Ṣebí òun ló ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kí i."

Ó rò ó wò. "Òótọ́ ni. Ẹni tó bá oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kí oníṣẹ́." Ó kọjú sí ẹ̀rọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Gbogbo wọn gbè é. Ẹ̀rọ náà ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó ń la kajú lọ ràì.

Sẹ́fù Kabirou dé bá a bẹ́ẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó mú ọmọ kajú kan, ó rún un lẹ́nu, ó sì sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé kó yí ọkọ̀ padà. Ariwo ayọ̀ gba ilé.

Mo sáré lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bintou ti padà sídìí òkúta. "Dìde, ó ti tán!" Ó dìde, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Mo fà á jáde. Àmì dúdú kan wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó tó hóró ẹ̀wà, awọ tó yí i ká ti ń bó.

Mo bú sẹ́kún. "Mo pẹ́," ni mo wí.

Ìyá wa gba ọwọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ tí kò ní ilà bò ó.

"Ọ̀kan ni," ó ní. "Kò ní di méjì."