Ẹni Tí Yóò Kú Nínú Fíìmù Gbémi

Bàbá Fáṣínà fárí gá, ó lóun ò ní kú. Gbémi, ọmọ rẹ̀, ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ti kúnlẹ̀ sórí táìlì fúláàtì wọn ní Festac títí orúnkún fi ń dùn ún. Fíìmù tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe láti ọdún mẹ́ta kò kù ju ibi tí bàbá inú rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ ìjà ogún. Òṣèré tó yẹ kó kú ti bá àwọn tó lówó jù wọ́n lọ ṣe fíìmù tiwọn. Kámẹ́rà tí wọ́n yá ní Alákijà sì gbọ́dọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí bàbá yìí ò bá kú lónìí, wàhálà Gbémi já sí asán nìyẹn.

"Dádì, ẹ kàn máa dijú ni, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tìkọ̀tìkọ̀. Ernest tó ń ya fíìmù gbé kámẹ́rà sójú. Bàbá mí kanlẹ̀, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú Gbémi ti ń dùn. Àfi bí òkú ṣe la ẹnu.

"Ikú ò ní mọ ilé mi, ní orúkọ Jésù!"

"Àmín!" ni Ernest dáhùn, kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu òun.

Wọ́n tún un ṣe. Òkú tún gbàdúrà, Ernest tún ṣe àmín. Ẹkún ń gbọ̀n Gbémi, ẹ̀rín sì ń pa á.

Ni Rosaline, ìyá Gbémi, bá jáde láti kíṣìnnì.

"Ẹ dìde ńbẹ̀ jàre, bàbá Gbémi. Bàbá ló kú ni o, ìyá ló kú ni o, ṣebí ogún ni wọ́n fẹ́ jà sí? Ẹ jẹ́ n bá ọmọ mi kú, ẹ̀wà mi ń bẹ lórí iná."

Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó dùbúlẹ̀, ó sì kú wọ́ọ́rọ́wọ́.

Gbémi ní kí bàbá jókòó sétí ibùsùn, kó ṣáà máa wo ìyàwó rẹ̀, kó má sọ nǹkan kan. Bàbá wo ojú tó dì. Ó wo ẹsẹ̀ tí kò mira. Ẹni tí kì í sọ ju "ó dáa" lọ bí wọ́n bá gbé oúnjẹ aládùn síwájú rẹ̀, ó sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ náà mú.

"Rosaline, ta ni kí n wá máa bá jiyàn láàárọ̀? Ta ló máa sọ fún mi pé bọ́tìnnì mi ò bára mu? Mi ò mọ ilé yìí í gbé láìsí ẹ. Mi ò sọ ọ́ rí, àmọ́..."

Ẹkún gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú Ernest náà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò yẹ̀. Gbémi mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tẹ ohun tí fíìmù òun ń wá, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Àmọ́ àánú bàbá rẹ̀ ṣe é.

"Ó tó, Dádì. Ernest, dá a dúró."

Òkú la ojú kan.

"Ta ló ní kó o dá wọn dúró? Wọ́n ní 'àmọ́.' Àtìgbà tí mo ti fẹ́ wọn ni mo ti ń retí èyí tó kàn. Ernest, tan nǹkan ẹ."

Ó tún di ojú rẹ̀ pa.

"Ẹ máa bá a lọ, bàbá Gbémi. Mo ṣì kú."