Ọgbà Tí Tolúlàṣẹ Wà

Ọ̀gá òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún Láoyè ní kàlẹ́ńdà 1989. Ọgbà méjìlá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún oṣù kan: ti Họ́láǹdì tí òdòdó rẹ̀ tẹ́ lọ bí ẹní aláràbarà, ti Jàpáànù tó jẹ́ òkúta àti iyanrìn tí wọ́n ha ní ìlà-ìlà, ti Kíù ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti kọ́lé gíláàsì bo ọ̀pẹ nítorí òtútù. Ọdún náà parí, Láoyè kò yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Gádínà ni, ní ilé ìwádìí kan lọ́nà Mọ́níyà. Ó mọ ohun tó ń wò.

"Bàbá, bí mo bá ti rí ẹsẹ̀ dúró, Kíù la ó kọ́kọ́ lọ," ni Tolúlàṣẹ ọmọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. "Ẹ ó fọwọ́ kan ọ̀pẹ inú ilé gíláàsì yẹn."

Ọdún kan àti oṣù méje kọjá kí lẹ́tà tó dé, ní oṣù kẹta 1992. Láoyè ti kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ àgbà, òun fúnra rẹ̀ ló kà á. "Bàbá, ẹ má bínú. Inú ọgbà ni mo wà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún mi. Bàṣírù mọ ibẹ̀."

"Ọdún mẹ́rin!" ni Láoyè ké. "Iṣẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún èmi títí dòní!"

Adébùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù. Sàníù, aládùúgbò wọn tó bí Bàṣírù, ń fi Láoyè ṣẹ̀fẹ̀: "Gádínà bí gádínà! Bàbá ọlọ́gbà ọba, ẹ kú oríire o!"

Bàṣírù ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe Iléyá lọ́dún náà. Láoyè di kóró òdòdó sínú ọ̀rá, ó lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò.

"Bá mi fún Tolúlàṣẹ. Kó wá ẹ̀gbẹ́ kan gbìn ín sí."

Bàṣírù ń yí ọ̀rá náà lọ́wọ́. "Wọn ò ní jẹ́ kó wọlé, Bàbá."

"Òdòdó? Nínú ọgbà?"

Bàṣírù wẹ̀yìn, bóyá bàbá rẹ̀ ń gbọ́. "Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tú ara mi wò kí n tó wọlé. Tábìlì wà láàárín àwa méjèèjì, wọ́dà dúró tì wá."

"Wọ́dà," ni Láoyè wí. "Ọgbà yẹn."

"Ọgbà yẹn ni, Bàbá. Ojú ló tì í, kò lè kọ ọ̀rọ̀ tó kù."

Láoyè nawọ́, ó gba kóró rẹ̀ padà. "Má sọ fún bàbá rẹ."

"Láti ọdún tó kọjá ni mo ti pa á mọ́ra."

Nígbà tó délé, Adébùsọ́lá ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó gba kóró náà?"

"Ó gbà á." Láoyè ti ọwọ́ bọ àpò, ó di ọ̀rá náà mú kó má baà dún.

"Báwo ló ní ọgbà náà ti rí?"

"Ó ní ó tóbi. Wọ́n mọ odi yí i ká."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Adébùsọ́lá wí, ó tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Ewúrẹ́ ò ní í ráyè jẹ òdòdó ọmọ mi."