Rìsíìtì Nìkan Ló Ní Kí Wọ́n Fi Ránṣẹ́

Àbúrò bàbá Akọ̀wé ló ni ṣọ́ọ̀bù báàgì tí Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí ló máa ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọbìnrin náà ní Akọ̀wé nílé, torí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló wá ń tẹ orúkọ àwọn oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà.

Àǹtí ti ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń fúnra rẹ̀ fi ìpolówó ránṣẹ́ sí ímeèlì oníbàárà. Tí ènìyàn bá ra báàgì lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìwé á dé pé kó tún wá ra nǹkan tó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oníbàárà gbà kí wọ́n máa kọ̀wé sí òun. Òfin ni pé kí Akọ̀wé kọ́kọ́ bèèrè kó tó fi àmì síbẹ̀.

"Fi àmì sí i fún gbogbo wọn," ni Àǹtí wí. "Ẹni tó bá ti rajà lọ́wọ́ wa ti gbà nìyẹn."

"Àǹtí, wọ́n ní ká máa bèèrè."

"Ẹni tó bá ń bèèrè lọ́wọ́ adìẹ kó tó gbé ìkòkò kaná, ẹ̀fọ́ lásán ni yóò jẹ."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi àmì sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan wọlé, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà létí apá aṣọ rẹ̀. Tíṣà ni. Ó ṣí báàgì, ó pa á dé, ó fi apá wọn inú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ló mú, ó sanwó, ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì.

"Ẹ fún mi ní ímeèlì yín, mà. Ibẹ̀ ni rìsíìtì ń gbà lọ."

Tíṣà bèèrè pé, "Rìsíìtì nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́ o. Èmi nìkan kọ́ ló ń ka ímeèlì yẹn nílé."

"Kò séwu, mà."

Rìsíìtì wọlé sórí fóònù Tíṣà níbi tó dúró sí. Ó da nọ́ńbà orí rẹ̀ kọ sínú ìwé pélébé kan, ó pa rìsíìtì rẹ́ lórí fóònù, ó sì lọ.

Ọwọ́ Akọ̀wé ti mọ ọ̀nà. Ó ti fi àmì síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó bá ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó rí i. Ó ní kí òun pa á rẹ́, àmọ́ oníbàárà mìíràn ti ń kan kàùntà, Àǹtí sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ohun tó ń ṣe. Ó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, Tíṣà ò dé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin kan wọlé, aṣọ rẹ̀ gún régé, ó kí wọn dáadáa.

"Ìyàwó mi ní kí n wá bá òun gbé báàgì kan."

Ó na fóònù sí Akọ̀wé. Ìpolówó tiwọn ló wà níbẹ̀: báàgì ńlá tí ẹ rà ń dúró dè yín, ẹ ò ṣe mú ìrọ̀rí ọrùn kún un kí ìrìnàjò yín lè dẹrùn?

"Nọ́ńbà rìsíìtì ńkọ́, sà?"

"Èmi ni ọkọ rẹ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Níbo ló sọ fún yín pé òun ń lọ?"

"Wọn ò sọ, sà. A kì í gbé ọjà fún ẹni tí kò bá mú nọ́ńbà wá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ó jáde.

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn," ni Àǹtí wí. "Tí wọ́n bá bi ọ́, kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe."

"Kọ̀ǹpútà kọ́, Àǹtí. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò séwu."

Akọ̀wé ò lè kọ̀wé sí Tíṣà láti kìlọ̀ fún un, torí ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ímeèlì yẹn, ọkọ rẹ̀ sì ń kà á.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ òsì Tíṣà. Ó fi ìwé pélébé tó kọ nọ́ńbà sí sórí kàùntà.

"Ta ló kọ ìwé yẹn?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè.

Àǹtí la ẹnu, àmọ́ Akọ̀wé ṣáájú rẹ̀. "Èmi ni mo fà á, mà. Wọ́n ní rìsíìtì nìkan. Mo fi àmì sí i pé wọ́n gbà, wọn ò sì gbà. Ẹ dákun."

Tíṣà kọjú sí i. "Ọdún méjì ni mo fi múra láti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gan-an ni ìwé yín wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù wà."

Akọ̀wé lọ gbé báàgì náà wá.

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Akọ̀wé yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì yọ ọ́. Tíṣà ò ní òun dárí jì í, Akọ̀wé ò sì tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n fa báàgì, àwọn méjèèjì jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Akọ̀wé pa gbogbo àmì tó fi síbẹ̀ láìbèèrè rẹ́. Nínú ẹgbẹ̀rún oníbàárà ó lé díẹ̀, àwọn tó kù ò pé àádọ́ta. Àǹtí bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin yẹn tún fara hàn ní òdì kejì títì, ó dúró, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé kọ́kọ́ rí i. Àǹtí náà wá rí i. Ó dìde lórí àga, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi lọ.

Ó padà jókòó. "O mọ ibi tí obìnrin yẹn gbà lọ?"

"Mi ò bi wọ́n, Àǹtí."

"Má bi ẹnikẹ́ni," ni Àǹtí wí.