Ìwé Tí Àbúdù Kọ

Bí ẹnikẹ́ni ní Kétu bá sọ fún ọ ní ọdún 1958 pé òun mọ mọ́tò ju Sàláwù lọ, irọ́ ló ń pa, Sàláwù fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ọkùnrin náà ní ìgbéraga, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́rì tó bá dákú sójú títì Ìkòròdú, bí Sàláwù bá ti tẹ́tí sí i, á sọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ìdí nìyẹn tí lọ́yà kan ní Yàbá fi gbé mọ́tò eré sísá rẹ̀ wá bá a. Mọ́tò pupa kékeré ni, oníjókòó méjì, tó sún mọ́lẹ̀ débi pé àgbébọ̀ adìẹ kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì fi ń ti ara rẹ̀ síwájú. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ó máa ń mì. Bí lọ́yà bá ti tẹ iná mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ á gbọ̀n jìgìjìgì, nǹkan á sì dún gbàù lábẹ́ bíi pé ẹnì kan fi ọmọ odó lu agbada.

Sàláwù wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì rí i. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà náà, irin ńlá ẹ̀yìn tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dìfárẹ́ńṣà, àárín ọ̀pá táyà ló máa ń wà. Ti èyí yàtọ̀. Ara egungun mọ́tò gan-an ni wọ́n so ó mọ́, wọ́n sì fi rọ́bà mẹ́rin ṣe ìjókòó fún un, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Epo ti rin àwọn rọ́bà náà, wọ́n ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tó sùn sínú omi. Bí agbára bá ti dé, irin ńlá náà á fò sókè lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá wá rọ́bà tuntun irú ti tẹ́lẹ̀, kó fi sí i, kó gbàgbé. Sàláwù ní rárá, òun á ṣe èyí tó lágbára ju ti àwọn tó ṣe mọ́tò náà lọ: rọ́bà líle ara táyà lọ́rì, kí irin róbótó gbá a mú yíká, kó má ráyè fẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bó bá ń jẹun, "ó ṣì ń mì." Bó bá ń wẹ̀, "kí ló dé tó fi ń mì?" Ẹ̀bùnọlá ìyàwó rẹ̀ wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé bí òun bá tún gbọ́ "ó ń mì" nínú ilé yìí, òun á palẹ̀ ẹrù òun mọ́, òun á padà sọ́dọ̀ ìyá òun ní Mende. Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀ tán: méjì ti wá ṣáájú rẹ̀, wọn kò dúró. Ọmọ náà ní ikọ́ kan tó máa ń gbé e nígbà òjò, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí ihò imú rẹ̀ á máa ṣí, á máa pa dé. Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, ikọ́ náà tún gbé e. Wọ́n gbé e lọ gba òògùn olómi, wọ́n fi àdí àgbọn ra á láyà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara rẹ̀ rọlẹ̀. Ó mu ẹ̀kọ tán, ó tún béèrè ẹran.

Nítorí ẹran tó béèrè yẹn ni Sàláwù fi lè lọ. Ó ti fi rọ́bà líle méjì sí ẹ̀yìn. Irin róbótó ti iwájú ló kù, Èbúté Mẹ́ta sì ni ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin wà. Kó tó wọ lọ́rì, ó pe Àbúdù, àbúrò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀.

"Lọ́la, wa mọ́tò yẹn lọ wa bọ̀ lójú títì. Kọ ìwé sí mi, kó o fún àwọn onílọ́rì. Bó bá ṣì ń mì, màá yí ìwọ̀n padà. Bí kò bá mì mọ́, màá ní kí wọ́n gbẹ́ ti iwájú bákan náà."

"Ọmọ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ojú ẹ ni mo fi í sí. Bí ohunkóhun bá ṣe é, kọ ìyẹn náà. Wákàtí kan péré ni Èbúté Mẹ́ta. Kíá ni wàá rí mi."

Nígbà tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀ ṣáájú tirẹ̀. Ó sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ní Ọjọ́rú, ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó pinnu pé bó bá di ọ̀sán, òun á sáré délé lọ wo ọmọ, òun á padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ti gbé àpò kọ́ èjìká nígbà tí onílọ́rì kan yọ, tó na ìwé pélébé kan sí i. Ọwọ́ Àbúdù ni. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ko mi mo lati aaro. A o gbe e jade ni irole."

Inú Sàláwù dùn, ó pariwo. "Ọ̀gá, ẹ gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀! Ìwọ̀n yẹn gan-an ni! Kò mì mọ́!" Ó ra mínírà fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ilé. Ó tún ìwé náà yẹ̀ wò, iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ níbẹ̀. Ó rò ó pé bí ara ọmọ kò bá yá, Àbúdù ì bá ti sọ ọ́. Ẹni tó ráàyè gbé mọ́tò jáde nírọ̀lẹ́, ilé rẹ̀ tòrò. Ó sọ àpò kalẹ̀. Ó jókòó ti irin rẹ̀.

Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà nígbà náà? Ta ló ń fi í sí i títí di òní? À ń kọ ọ́ láìsí àmì, a ní ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀ ọ́n kà. Àmì kan tí kò gùn tó ẹsẹ̀ èèrà ló wà láàárín mọ́tò tí kò mì mọ́ àti ọmọ tí kò mí mọ́. Àbúdù kò fọwọ́ kan mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ìdájí ni ikọ́ padà gbé Rẹ̀mílẹ́kún, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti parí. Nígbà tí Àbúdù mú pẹ́ńsùrù, ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ta ló lè kọ orúkọ ọmọdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó fo orúkọ náà. Ó kà á padà, ó yé e, ó sì fi rán onílọ́rì.

Àáfà fẹ́ kí wọ́n sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀bùnọlá ló bẹ̀ wọ́n. Bàbá kì í bá wọn dé ibojì ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ kó rí ojú rẹ̀ nílé. "Ìwé ti lọ," ló ń wí, "bàbá rẹ̀ ti ń bọ̀." Gbogbo lọ́rì tó bá dún láti ọ̀nà Kétu dé ilé wọn ní Ìkòsì, á gbé orí sókè. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, àwọn ọkùnrin kò lè dúró mọ́. Wọ́n gbé e jáde.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Sàláwù dé. Ìsọ̀ wà ní títì, ó gba ọ̀nà Ìkòsì lọ. Ó rí èrò níwájú ilé rẹ̀, ó sì rí Àbúdù láàárín wọn. Ó rò pé lọ́yà ló ti tètè dé, tó wá kí wọn kú iṣẹ́. Láti òkèèrè ló ti ké sí i.

"Àbúdù! Ṣé ẹ ti gbé e jáde?"

Àbúdù dìde. "A ti gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti ń bọ̀ lánàá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ẹ ti dé, ọkàn mi balẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà lórí ẹní wò ó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kẹ̀? Ìyá àgbàlagbà kan ló rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Sàláwù," ó ní, "omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Kò sí Yorùbá tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún. Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá láàárín wọn, ó wọlé.

Ẹ̀bùnọlá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti sunkún tán, ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ìwé dé yín lọ́wọ́?"

"Ó dé."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sàn-án àná."

Lọ́sàn-án àná, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ṣì sùn lé.

"Ẹ kà á fún mi." Ẹ̀bùnọlá kò mọ̀wé.

Sàláwù mú un jáde lápò ẹ̀wù. Ó wò ó pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kà á bí Àbúdù ti kọ ọ́.

"Kò mí mọ́ láti àárọ̀. A ó gbé e jáde nírọ̀lẹ́."

"Ẹ ka ìyẹn, ẹ wá jókòó sí Èkó?"

Ó lè purọ́. Ó lè sọ pé òru ni ìwé dé, pé kò sí lọ́rì, ẹni tó sì lè já a kò sí níbẹ̀. Ìrora náà pọ̀ ju irọ́ lọ.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo kà á, Ìyá Rẹ̀mí."

"Báwo lẹ ṣe kà á?"

"Kò mì mọ́."

Ẹ̀bùnọlá kò ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ.

"Mọ́tò," ó wí.

Sàláwù wó lulẹ̀ lẹ́bàá ẹní, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, àwọn tó wà níta sì gbọ́ ọ. Ẹ̀bùnọlá kò fọwọ́ kàn án, kò sì lé e. Nígbà tí igbe náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún bi í léèrè, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ṣé kò wá mì mọ́ lóòótọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Sàláwù dáhùn. "Kò tíì sẹ́ni tó gbé e jáde."