Ẹní Tí Wọ́n Tẹ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Ṣẹ̀rífù

Ojúọlápé tó ń ta kókó àti kóósé, ìyẹn ògì gbígbóná àti àkàrà, ní Fante New Town ní Kumasi ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ìṣojú rẹ̀ ló ṣe, nítorí iwájú ilé tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ló máa ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí àwọn yẹn fi sí i ti pọ̀ jù. Ti Ojúọlápé ni mo gbà.

Ó ní ọkùnrin kan wà nílé náà tó ń jẹ́ Ṣẹ̀rífù. Káfíńtà ni, Anloga Junction ló ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Kumasi ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti padà sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ṣẹ̀rífù fẹ́ fi ọmọbìnrin kan láti Santasi ṣaya, Fareedah lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́. Odindi ọdún méjì ni wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, ẹrù ìdána ti lọ, ó ku kí wọ́n so yìgì. Àfi bí Fareedah ṣe pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àlàmísì kan, tó ní kó má bínú, òun ò fẹ́ mọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá àpótí aṣọ padà, kò dín ìró kan.

Ọ̀rọ̀ náà ò wọ Ṣẹ̀rífù létí. Ó gba Santasi lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sẹ́nu géètì wọn. Wọ́n ní kó dìde, ó ní àfi bí Fareedah bá jáde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ajá ilé kejì fi wá ń gbóòórùn etí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá Fareedah fúnra rẹ̀ ló jáde. Kò pariwo rárá, ohun tó sì bani lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Ṣẹ̀rífù, mo mọ bàbá rẹ, òun ni mo ń wò mọ́ ọ lára. Tí mo bá tún rí ọ níbí lẹ́ẹ̀kẹta, ọlọ́pàá ni n óò pè."

Ṣẹ̀rífù ní ọ̀rẹ́ méjì. Lúkmàn ń ta àpò fóònù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mujeeb ń wa takisí, ọ̀rọ̀ kì í sùn lẹ́nu tiẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ àwọn máa lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì mọ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Ta ni yóò gbéṣẹ́ fún káfíńtà tí ọlọ́pàá wá kó lẹ́nu géètì ọlọ́mọ? Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n bá a délé. Bó ṣe wọ yàrá, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n jókòó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, orí wọn ni yóò gbà kọjá.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí díẹ̀.

"Lúkmàn, ẹ jẹ́ n kọjá."

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ ra búrẹ́dì ni."

Mujeeb gbójú sókè wò ó. "Búrẹ́dì wo lo fi ń wọ agbádá ọdún? Chale, ọ̀rẹ́ mi, bọ́ ọ. Búrẹ́dì ò mọ agbádá."

Ilẹ̀kùn tún padé. Wọ́n gbọ́ tí Ṣẹ̀rífù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú yàrá, ẹkún tí èèyàn ń fi ìrọ̀rí bò mọ́lẹ̀. Ojú ro àwọn méjèèjì. Lúkmàn yọ fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta lúdò lórí rẹ̀, wọ́n dorí kodò.

Báyìí ni Hàjíà Kùdírátù, àgbà obìnrin àdúgbò náà, bá wọn. Ó ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Ó rí ọkùnrin méjì lórí ẹní níwájú ilẹ̀kùn tó padé, ọ̀kan wọ jalamíà dúdú, orí àwọn méjèèjì wálẹ̀, ẹkún sì ń jáde láti inú ilé. Lọ́dọ̀ wa, ohun kan ṣoṣo nìyẹn ń sọ.

Ó dúró. "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kò sí?"

Lúkmàn ò fẹ́ tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ Ọlọ́hun ni gbogbo rẹ̀ wà, Hàjíà."

"Innā lillāhi!" Hàjíà bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó fa tẹ̀sùbáà yọ. Kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ta ni yóò wá sílé ọ̀fọ̀ kó máa bi wọ́n pé ta ló kú? Ẹni tó bá béèrè ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kì í ṣe èèyàn wọn.

Nítorí náà kò sẹ́ni tó béèrè. Àwọn méjì kan rí Hàjíà, wọ́n yà. Àwọn mẹ́rin rí àwọn méjì, àwọn náà yà. Àáfà Rilwan dé, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Maame Dufie láti ilé kejì dé, Ashanti ni, aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú òun pupa kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ìsìnkú kì í tán ní Kumasi. Ó gbé omi inú ọ̀rá wá, ó ń wí pé "Due, due," bí wọ́n ṣe ń bá oní-ọ̀fọ̀ kẹ́dùn nìyẹn. Ẹnìkan kó àga rọ́bà wá. Ká tó ṣẹ́jú, kánópì ti dúró.

Ojúọlápé ní, "Èmi náà kọ́? Mo ti gbé ìkòkò ìrẹsì kaná. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo wí i síta pé ìyá Ṣẹ̀rífù ni. Ìyá tó máa ń pè mí ní ọmọ mi! Mo sunkún débi pé n ò mọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà nínú ẹ̀."

Mujeeb wo kánópì, ó wo èrò, ó fẹnu sétí Lúkmàn. "Lúkmàn, ta ló kú?"

"Ìwọ náà? Kò sẹ́ni tó kú!"

"Kí wá ni kánópì ń ṣe níbí?"

"Dìde kó o sọ fún wọn."

"Èmi? Ìwọ lo wọ dúdú."

Ibi tí wọ́n ti ń ti ara wọn ni ilẹ̀kùn ṣí, Ṣẹ̀rífù yọ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Gbogbo èrò dìde. Hàjíà fà á mọ́ra. Àwọn tí kò kí i rí ń di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìrọ́jú, ọmọ mi," Àáfà ní. "Ẹni tó lọ ti lọ. A kì í sáré lé e."

Ṣẹ̀rífù wò ó, ó wo àga, ó wo Maame Dufie nínú dúdú òun pupa. "Gbogbo yín ti gbọ́?"

"Ta ni kò gbọ́?" Hàjíà ní. "Ó dun gbogbo àdúgbò."

"Ẹ wá jókòó tì mí nítorí ẹ̀?"

"Ṣé ká fi ọ́ sílẹ̀ ni?"

Ọkùnrin yìí ti rò pé ẹ̀rín ni àdúgbò ń fi òun rín. Ìdí tí kò fi ń dúró kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ó jókòó sórí ẹní, ó sunkún, ṣùgbọ́n Ojúọlápé ní ẹkún yẹn yàtọ̀ sí ti inú yàrá. Nígbà tó sun ún tán, wọ́n gbé ìrẹsì fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó béèrè òmíràn. Ó ní kí wọ́n fi ata sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwo kejì nígbà tí takisí kan dúró. Fareedah ló sọ̀kalẹ̀, ó fi ìborùn dúdú borí.

"Yɛawu," Mujeeb fi Twi ní, ìyẹn ni pé àwọn ti kú. Lúkmàn rá pálá, ó di etí agbádá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹni tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọkùnrin yìí nítorí rẹ̀ láti ọ̀sán ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Fareedah kúnlẹ̀. Omi ti gba ojú rẹ̀. "Bùrọ̀dá Ṣẹ̀rífù, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́n sọ fún wa ní Santasi, ara mi ò gbà á. Mo ní bó ti wù kó rí, mo gbọ́dọ̀ wá kí yín nítorí Màmá."

"Màmá wo?"

"Màmá yín."

Ṣẹ̀rífù fò dìde. "Kí ló ṣe màmá mi?"

Gbogbo ojú yí sí Hàjíà. Hàjíà wo Àáfà. Àáfà wo Maame Dufie. Maame Dufie, tí kò gbọ́ Yorùbá, mi orí, ó tún ní, "Due."

Ṣẹ̀rífù pe Ògbómọ̀ṣọ́, ó tẹ fóònù kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ó dún, ó dún. Lójijì ni ohùn kan bú jáde.

"Ṣẹ̀rífù! Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Àwọn wo ló pọ̀ tó báyìí lẹ́yìn rẹ? Ṣé wọ́n ń so yìgì ni, ẹ ò pè mí!"

Àwọn obìnrin kígbe. Hàjíà jókòó lójijì, àga rọ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e subú.

Ṣẹ̀rífù ò tíì sọ ọ̀rọ̀ Fareedah fún ìyá rẹ̀. Ojúọlápé ní ó di fóònù mú, ó wo Fareedah lórí ìkúnlẹ̀.

"Kò sí yìgì mọ́, Màmá. Fareedah ò fẹ́ mọ́."

 

"Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ ìrẹsì."

"Ta ló sè é?"

"Ojúọlápé."

"Ojúọlápé ọmọ mi, o ṣeun o! Ṣé ó yó?"

"Àwo méjì, Màmá!" Ojúọlápé ké láti ìdí ìkòkò.

Nígbà náà ni ẹ̀rín bẹ́. Àáfà béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè síta láti ọ̀sán: "Ta wá ló kú?" Lúkmàn dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí agbádá dórí lúdò. Hàjíà mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó fi nà án léjìká lẹ́ẹ̀mejì.

"Àdúà tí mo ti ṣe ńkọ́?" Àáfà ní.

"Ẹ bá wa yí i sí ẹ̀mí gígùn fún Màmá," Mujeeb dáhùn. Ó wá fi Twi ṣàlàyé fún Maame Dufie. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti wọ dúdú jáde, òun ò ní padà sílé láìjẹun.

Fareedah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ojú ń tì í.

"Dìde," Ṣẹ̀rífù ní. Lúkmàn tún gbá etí agbádá náà mú. "Fareedah, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí n wá sọ ọ́ lójú yín, ẹ̀rù ló bà mí."

Lúkmàn mí kanlẹ̀, ó ń retí pé kí ọ̀rẹ́ òun dojú bolẹ̀. Ṣẹ̀rífù kàn mi orí.

"O ti sọ ọ́ wàyí. O ṣeun tó o wá kí Màmá." Ó fa àga kan fún un. "Ojúọlápé, ẹ fún un nírẹsì. Lúkmàn, tú mi sílẹ̀."

Ó jáde kúrò lábẹ́ kánópì. Mujeeb sáré tẹ̀ lé e.

"Níbo? Níbo?"

"Anloga. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó kan wà níbẹ̀ tí kò tíì nílẹ̀kùn."

"Jẹ́ n fi mọ́tò gbé ọ."

"Mọ́tò rẹ ń béèrè epo láti àná. Lọ fọ àwo."

Fareedah gbé ìrẹsì sórí itan, kò jẹ ẹ́, ó ń wo Ṣẹ̀rífù bó ṣe ń lọ. Ojúọlápé náà ń wo Ṣẹ̀rífù, ṣíbí ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń retí pé bó bá dé iwájú aránṣọ, yóò wẹ̀yìn. Ó dé iwájú aránṣọ, ó kí i. Ó fo gọ́tà. Ó na ọwọ́ sí trótrò, bọ́ọ̀sì akérò, tó ń lọ sí Anloga, ó ká etí agbádá rẹ̀, ó wọlé, kò sì wẹ̀yìn.